Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ń Ki Ara Rẹ̀: Àríyànjiyàn Lórí Ìṣeéfọkàntán Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1899 sí 1911

Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, ìbọn ìléwọ́ méjì wà níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Colt ni ó ni ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ Savage ni ó ni èkejì. Wọ́n yin ọta 6,000 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti Savage kọ̀ tàbí kí ó há nígbà 37. Ti Colt kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 29, ìjọba ti gba ìbọn Colt gẹ́gẹ́ bí ìbọn ìléwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí di ọdún 1985. Báyìí ni a ti ń gbọ́ ìtàn náà, báyìí ni ọ̀pọ̀ ìwé sì ti kọ ọ́. Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú iye yìí nìkan láìwo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò ṣì wá lọ́nà, nítorí yóò dà bí ẹni pé a rọ ìbọn kan ní pípé, a sì rọ èkejì ní aláàbùkù. Èrò tèmi ni pé ìbọn tí a lè fọkàn tán kò ti inú irin nìkan wá. Irin, ẹ̀tù, ọwọ́ tí ó di ìbọn mú, àti ilẹ̀ tí a ti ń lò ó ni wọ́n jọ ń pinnu rẹ̀. Ìdánwò kì í sì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ irú ìbọn tí à ń sọ. Ìbọn ìléwọ́ tí ó wọ́pọ̀ ṣáájú àkókò yìí ni oníyípo. Ó ní agbá kékeré kan láàárín, agbá náà ní ihò mẹ́fà, ọta kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ihò tirẹ̀. Agbára ọwọ́ ayìnbọn ni ó ń yí agbá náà, òun náà ni ó sì ń gbé òòlù ìbọn sókè. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ayìnbọn yóò tún fà á, agbá yóò yí, ọta mìíràn yóò sì bọ́ síwájú òòlù.

Ìbọn kejì ni èyí tí mo máa pè ní akira nínú àròkọ yìí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ki ara rẹ̀. Nígbà tí ọta bá dún nínú rẹ̀, agbára tí ó ti ọta síwájú náà ni ó ń ti irin sẹ́yìn. Irin tí ó bo orí ìbọn yóò sún sẹ́yìn, yóò fa èèpo ọta tí ó ti dún jáde, yóò jù ú nù, yóò sì gbé òòlù sókè. Lẹ́yìn náà ni sípíríǹgì yóò ti irin náà padà síwájú. Bí ó ti ń padà ni yóò gba ọta tuntun láti inú àpò ọta tí ó wà nínú èèkù ìbọn, tí yóò sì tì í sí ìdí ọ̀pá. Gbogbo èyí a máa parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ó wá ku kí ìka tún fà á. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín: ọta kan ni ó ń ki èkejì. Bí ẹ̀tù inú rẹ̀ bá rọ̀ jù, irin kò ní sún dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Bí ó bá le jù, yóò máa lu irin náà títí yóò fi fọ́ ọ. Bí ẹnu àpò ọta bá sì wọ́ díẹ̀, ọta tuntun yóò há sọ́nà.

Àwọn baba ńlá wa mọ irú wàhálà yìí lọ́nà tiwọn. Ẹni tí ó gbé ṣakabùlà lọ sójú ogun ní láti ṣọ́ ẹ̀tù rẹ̀ kí òjò má bà á jẹ́. Nígbà tí àwọn Èkìtìparapọ̀ sì rí ìbọn Snider gbà nínú ogun Kírìjì, ìbọn tí à ń ki láti ìdí, tí ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ wà pọ̀ nínú èèpo kan, ojú ogun yí padà fún àwọn Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n jagunjagun tí ó gba irú ọta bẹ́ẹ̀ ti fi ọkàn rẹ̀ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ ní òkè òkun. Akira wá mú ìgbẹ́kẹ̀lé náà lọ síwájú sí i: bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe nínú ọta kan, kì í ṣe ọta náà nìkan ni ó bàjẹ́, èyí tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kò rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn ará Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ ta irú ìbọn yìí lọ́pọ̀. Hugo Borchardt ṣe tirẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1893. Ilé-iṣẹ́ Mauser ṣe tirẹ̀ ní 1896. Georg Luger tún iṣẹ́ Borchardt ṣe, ó sì mú kí ó rọrùn láti dì mú, débi pé ìjọba Switzerland gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1900. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù ni John Moses Browning, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn, tí a bí ní ìlú Ogden ní Utah ní 1855. Ó ń ta iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ fún Colt ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti fún ilé-iṣẹ́ FN ní Belgium.

Ogun ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kíkan fún Amẹ́ríkà. Wọ́n gba erékùṣù Philippines lọ́wọ́ Spain ní 1898, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn onílẹ̀ ní 1899. Ní ìhà gúúsù, wọ́n bá àwọn Moro pàdé, àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ sìn wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lo ìbọn oníyípo tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún íńṣì. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí dé pé ọta yìí kò dá Moro dúró, pé ọkùnrin kan a gba ọta mélòó kan sí ara, síbẹ̀ a ṣì máa bọ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Nítorí náà, wọ́n tún kó àwọn ìbọn àtijọ́ ti 1873 jáde, èyí tí ọta rẹ̀ jẹ́ 45.

Àwa Yorùbá máa ń wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu àwọn tí ó lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni a ti gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí; àwọn tí ó ń gba ọta sí àyà nítorí ilé wọn kò kọ ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ohun ìjà ní Washington. Ọmọ ogun tí ẹ̀rù bà, tí ọta rẹ̀ tàsé, kì í sábà jẹ́wọ́ pé òun tàsé. Ó rọrùn fún un láti sọ pé ọta kéré. N kò sọ pé gbogbo wọn parọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé lórí ẹ̀rí olùfẹjọ́sùn kan ṣoṣo ni a gbé ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e kà.

Ní 1904, ọ̀gágun John T. Thompson àti dókítà ológun Louis LaGarde lọ sí ilé ìpẹran ní Chicago. Wọ́n yìnbọn mọ́ màlúù láàyè, wọ́n sì yìn ín mọ́ òkú ènìyàn, láti mọ bí ọta kọ̀ọ̀kan ti lágbára tó. Ẹran tí wọ́n lò kò pọ̀, iye ọta tí wọ́n yìn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pinnu pé ọta ìbọn ìléwọ́ ológun kò gbọdọ̀ kéré sí 45. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó bá mú irú iṣẹ́ yìí tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ lónìí, a óò dá a padà fún un. Síbẹ̀ ìpinnu náà di òfin, ó sì kan ìṣeéfọkàntán ìbọn ní tààrà: ọta tí ó tóbi a máa ti irin sẹ́yìn pẹ̀lú agbára púpọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ara akira le tó láti gbà á. Ìbọn tí ó ti ń ṣe dáadáa pẹ̀lú ọta kékeré ní láti tún ara rẹ̀ dá.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907 ni ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá ní Springfield, ní Massachusetts, níbi tí ìjọba ti ń rọ ohun ìjà. Colt wá, Savage wá pẹ̀lú ìbọn tí Elbert Searle ṣe, Luger wá láti Jámánì, Bergmann náà wá. Knoble àti White-Merrill wá, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Webley-Fosbery wá, ìbọn abàmì kan tí ó jẹ́ oníyípo tí ó sì tún ń ki ara rẹ̀: apá òkè rẹ̀ ń sún lórí ipa tí a là sára apá ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wo ipa náà yóò mọ ohun tí ẹrẹ̀ máa fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ Luger ni ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ìbọn yìí kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ní 1901, ìjọba Amẹ́ríkà ti ra 1,000 irú rẹ̀ tí ọta rẹ̀ kéré, wọ́n sì fi wọ́n fún àwọn ọmọ ogun láti dán wò. Irin ìdí rẹ̀ kì í sún sẹ́yìn tààrà; ó ń ṣẹ́ sókè bí orúnkún ènìyàn, ó sì ń nà padà láti ti ọta wọlé. Ìgbìmọ̀ gbà pé ó ní àǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i pé kí ó lọ sójú pápá. Wọ́n ní kò dá wọn lójú pé yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, kódà pẹ̀lú ọta tí Luger fúnra rẹ̀ mú wá. Wọ́n ní títì tí ó ń ti ọta dé ìdí ọ̀pá kò ní agbára sípíríǹgì tí ó dájú lẹ́yìn. Wọ́n sì ní irú ẹ̀tù tí Luger sọ pé ìbọn náà nílò kò sí ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí ìdí kẹta yìí. Ìbọn kan náà tí a kò fọkàn tán ní Springfield, àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì ti gbà á ní 1904. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn gbà á ní 1908. Wọ́n gbé e ja ogun 1914 sí 1918, ó sì tún wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn nínú ogun 1939 sí 1945, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Walther P38 ti gba ipò rẹ̀ láti 1938. Ìgbìmọ̀ kò ṣìnà, àwọn ará Jámánì náà kò ṣìnà. Ní Jámánì, àwọn tí ó ń rọ ọta mọ ohun tí orúnkún irin náà ń fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn náà dà bí àlejò tí a kò mọ oúnjẹ tí ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá ń jiyàn pé Luger dára tàbí kò dára, láìsọ ẹ̀tù wo, ìjà asán ni ó ń jà.

Ìjọba wá ra nǹkan bí 200 lọ́wọ́ Colt àti nǹkan bí 200 lọ́wọ́ Savage, wọ́n sì kó wọn fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Níbí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin ní ìdí tí ó lágbára láti kọ akira. Ẹlẹ́ṣin fi ọwọ́ òsì di ìjánu mú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó kù fún ìbọn. Bí ọta oníyípo bá kọ̀, ọwọ́ kan náà tó láti tún un fà. Ṣùgbọ́n bí ọta bá há nínú akira, ọwọ́ méjì ni ó ń gbà láti fa irin sẹ́yìn kí ọta náà lè bọ́. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá fi ìjánu sílẹ̀ láàárín ogun ti sọ ara rẹ̀ di ẹrù lórí ẹṣin. Ohun kejì ni pé lẹ́yìn tí akira bá ti dún, òòlù rẹ̀ a wà lókè, ó ti ṣe tán láti tún dún. Bí ẹṣin bá ta gìrì nígbà náà, ta ni yóò mọ ibi tí ọta máa lọ? Ìdí nìyí tí wọ́n fi béèrè fún ìdènà sẹ́yìn èèkù ìbọn, tí kò ní jẹ́ kí ìbọn dún àfi bí ọwọ́ bá fún èèkù náà pinpin. Kí ìdánwò ìkẹyìn tó dé, wọ́n tún fi ìdènà kejì sí i, èyí tí àtàǹpàkò ń tì sókè sódò.

Àwọn tí ó fẹ́ akira náà ní ẹjọ́ tiwọn. Kíki oníyípo lórí ẹṣin, iṣẹ́ ńlá ni: ènìyàn yóò kó èèpo mẹ́fà dànù, yóò sì tún máa fi ọta bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka tí ń gbọ̀n. Akira kò béèrè ju kí a yọ àpò ọta kan kí a sì ti òmíràn bọ̀ ọ́. Bí a bá gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì tán, a óò rí i pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò pàdé. Fún ẹlẹ́ṣin, ìbọn tí ó ṣeé fọkàn tán ni èyí tí ọwọ́ kan lè wò sàn bí ó bá ṣàìsàn. Fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ, òun ni èyí tí kì í ṣàìsàn rárá. Ìwé ìdánwò ka iye ìgbà tí ìbọn kọ̀. Kò ka ohun tí kíkọ̀ kan lè ná ẹni tí ó wà lórí ẹṣin.

Láàárín 1907 àti 1910, àtúnṣe ni Browning àti Colt ń ṣe. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kò hàn sí ẹni tí ó ń wo ìbọn lóde. Nínú ìbọn Colt àtijọ́, ìsokọ́ra kékeré méjì ni ó mú ọ̀pá ìbọn mọ́ ara rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Irin pẹlẹbẹ kan tí a fi gba iwájú kọjá ni ó sì ń dá ìbòrí náà dúró kí ó má baà fò sẹ́yìn kúrò lórí ìbọn. Bí irin pẹlẹbẹ yìí bá ṣẹ́ tàbí tí ó yọ, ojú ayìnbọn ni ìbòrí náà máa bá. Ní 1909, Browning yọ ìsokọ́ra iwájú kúrò, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì tún ìbòrí náà ṣe kí ó má lè fò sẹ́yìn mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún dán an wò ní oṣù Kọkànlá 1910, kò mọ́ pátápátá. Àṣìṣe ṣì wà nínú ti Colt, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Savage pọ̀ jù ú lọ. Ìgbìmọ̀ dá àwọn méjèèjì padà lọ sílé.

Nítorí náà, òfo tí Colt gbà lójú àṣìṣe ní 1911 jẹ́ èrè ọdún mẹ́rin tí a fi ń kọ̀ ọ́. Ó tún yẹ kí á wo bí wọ́n ti ṣe ìdánwò ọta 6,000 náà. Bí wọ́n bá yin ọta 100, wọ́n á jẹ́ kí ìbọn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó lè tutù. Bí ó bá pé 1,000, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi epo pa á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ọta tí ó ti wọ́ dán an wò, wọ́n bù eruku sí i, wọ́n fi ásíìdì mú kí ó dípẹtà, ó sì la gbogbo rẹ̀ já. Ìdánwò líle ni, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn kan ṣoṣo ni, ọwọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò ni ó wà, ọta rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó bá a mu. Òfin ìṣirò fi hàn pé bí ohun kan kò bá ṣẹlẹ̀ rárá nínú ìgbà 6,000, ohun tí a lè fi ìdánilójú sọ ni pé kò ṣeé ṣe kí ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí 2,000. A kò lè sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ láé.

Kí ni ti Savage? Ìgbà 37 nínú 6,000 jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọta 162. Bí a bá ka ọta mẹ́jọ sí inú àpò ọta kọ̀ọ̀kan, ọmọ ogun kan lè yin àpò 20 tán kí ó tó bá àṣìṣe kan pàdé. Mélòó nínú àwọn tí ó gbé ìbọn ìléwọ́ lọ sójú ogun ni ó yin àpò 20 ní gbogbo ayé wọn? Ohun tí ó sọ Savage di ẹni ìtàn àtẹ̀yìnwá ni pé ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní òun nìkan ni ó wá, bóyá orúkọ rẹ̀ ni à bá máa kọ́ nínú ìtàn.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé ní 1917, ìbọn ìléwọ́ tí a ti fọkàn tán yìí kò tó. Wọ́n padà sọ́dọ̀ oníyípo; Colt àti Smith & Wesson rọ ọ́ lọ́pọ̀ kí ó lè gba ọta akira náà, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ bí ààbọ̀ òṣùpá tí ó ń di ọta mẹ́ta mẹ́ta mú pọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kò fi oníyípo sílẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950, nígbà tí wọ́n gba ìbọn tí Browning bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú ní 1926, èyí tí Dieudonné Saive parí ní Belgium.

Ní 1985, Amẹ́ríkà fi Beretta ti ilẹ̀ Ítálì rọ́pò Colt lẹ́yìn ìdánwò mìíràn tí ó le. Láàárín 1987 àti 1988, ìbòrí díẹ̀ nínú wọn fọ́ bí wọ́n ti ń yìn ín, apá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fò lu ojú àwọn ayìnbọn, ohun kan náà tí Browning ti ń sá fún ní 1909. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tù ni ó le jù; àwọn mìíràn ní irin ni kò dára. Nígbẹ̀yìn, wọ́n mú orí pín-ìn-nì kan tóbi sí i kí ìbòrí tí ó bá fọ́ má baà lè kúrò lórí ìbọn. Lẹ́yìn 2003, ní aṣálẹ̀ Iraq, ẹ̀sùn mìíràn dìde pé ọta ń há. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn àpò ọta kan tí ìjọba rà níbòmíràn ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀: ohun tí wọ́n fi kun irin wọn nínú rí ṣákaṣàka, yanrìn kíkúnná sì ń dì mọ́ ọn, ọta kò sì lè gòkè wá. Wọ́n ṣe àpò ọta mìíràn tí inú rẹ̀ ń dán, wọ́n sì tì í bọ àwọn ìbọn kan náà.